Àwọn Oògùn Tó Jókòó Sílé Àna Mi

Ilé àna mi wà nínú odò, omi sì mu ẹni tó bá jókòó dé ìdodo. Ìyá ìyàwó mi ń fi ìgbálẹ̀ gbá omi náà jáde, omi ń padà wọlé. Ó ti kú lọ́dún tó kọjá. N kò lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Mo kí i lóòró.

Ó ní, "Ọkọ Ayọ̀ká, ẹ̀yìn rẹ kò tíì rọ̀ síbẹ̀?"

Mo ní kò lè rọ̀. Ayọ̀ká ìyàwó mi ní wárápá. Ọdẹ ni mí, oògùn ìṣọdẹ tí nǹkan oṣù obìnrin máa ń bà jẹ́ kún yàrá mi, nítorí náà bí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ilé ìyá rẹ̀ ló ń lọ títí ara rẹ̀ yóò fi mọ́. Ibẹ̀ ni wárápá ti ń mú un. Nílé mi, kì í mú un. Ìwé kẹta ni mo ti kúrò nílé ìwé, ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn kò le: àjẹ́ ni ìyá rẹ̀.

Àwọn oògùn tí dókítà fún Ayọ̀ká jókòó sórí àga gbọọrọ, wọ́n ń ju ẹsẹ̀ nínú omi. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nílé mi, tí wọn kì í ṣe é níbí.

Èyí tó dàgbà jù dáhùn. "Bàbá ọdẹ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé. Bí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ń bọ̀, a máa ń dín kù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wárápá a sì ráyè. Ẹ lọ sọ ìgbà tó ń mú un fún dókítà."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. "O pè mí lájẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀ ìrọ̀rí ni mí."

Ayọ̀ká jáde láti ara ògiri, ó ṣubú. Ẹnu rẹ̀ ń hó, mo sá sẹ́yìn bí gbogbo ènìyàn ti ń sá fún itọ́ wárápá. Ìyá rẹ̀ kò sá. Ó dà á sí ẹ̀gbẹ́, ó gbé orí rẹ̀ lé itan kí omi má wọ imú rẹ̀, ó fi ọwọ́ nu itọ́ náà. Itan rẹ̀ ti jìn síbi kan, orí Ayọ̀ká sì wọ ibẹ̀ géérégé.

Nígbà tó yá, Ayọ̀ká lajú, ó béèrè èkuru.

Mo dọ̀bálẹ̀ nínú omi. "Ìyá mi, ẹ ṣeun tí ẹ bá mi dì í mú."

"Dìde, olóríkunkun, òtútù á mú ọ. Gba ìyàwó rẹ."

Mo gba orí Ayọ̀ká sórí itan tèmi. Nígbà tí mo wòkè, ìyá náà ti lọ, ipasẹ̀ rẹ̀ tó tutù ń rìn lọ lórí àjà, láìsí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Mo ń pariwo "Ẹ ṣeun, ìyá mi" tẹ̀lé e. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá kí i, ó ń dúró díẹ̀.