Nítorí Aṣọ Ibùsùn Verlon

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín pé afẹ́ ni mo ń ṣe tí mo fi ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìfọṣọ àti èyí tó ń gbẹ aṣọ wọ inú ọkọ̀-ilé wa. Afẹ́ kọ́. Verlon ọkọ mi ló ń tọ̀ sílé. Mo ti sọ ọ́. Odindi ọdún kan àti ààbọ̀ ni mi ò fi lè sọ gbólóhùn yẹn síta, ẹ sì wo bó ti kúrú tó.

Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni Verlon. Ó di ọdún mọ́kànlá tí a ti ta ilé wa ní ìpínlẹ̀ Idaho ní Amẹ́ríkà, tí ọkọ̀-ilé, ọkọ̀ ńlá tó ní yàrá àti ibi ìwẹ̀ nínú, di ilé wa, tí a sì ń lo gbogbo ìgbà òtútù nínú ọgbà àwọn arúgbó kan lẹ́yìn ìlú Yuma, níbi tí òtútù kì í ti í mú. Ọgbà náà dára, ṣùgbọ́n ó ní òfin kan tí gbogbo wa ń tọwọ́ bọ̀ lọ́dọọdún: ẹni tí kò bá lè tọ́jú ara rẹ̀ mọ́ kò gbọdọ̀ gbé ibẹ̀. Kendra, ọmọ wa obìnrin, sì ti sọ tirẹ̀ fún mi lórí fóònù. "Mọ́mì, ọjọ́ tí wọ́n bá lé yín níbẹ̀, ilé ìtọ́jú arúgbó ni Dádì ń lọ, ẹ ò sì ní í bá mi jiyàn." Ọjọ́ yẹn ni mò ń sá fún.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi aṣọ ibùsùn pamọ́. Yàrá ìfọṣọ kan ṣoṣo ni gbogbo ọgbà ń lò, àwọn obìnrin a sì máa jókòó síbẹ̀ bí ọlọ́pàá ẹnubodè. Màá di aṣọ sínú àpò dúdú, màá da tówẹ̀lì lé e lórí, màá máa rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀. "Nedra, o tún ti dé? Ṣebí àná lo fọṣọ! Àbí ìjàkadì lẹ ń jà lórí ibùsùn yín ni?" Lavonne, aládùúgbò wa, ló sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé, mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Royce ni mo ké sí. Òun ló ń tún ọkọ̀-ilé ṣe nínú ọgbà wa, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, iṣẹ́ ọgbà wa nìkan ló sì fi ń jẹun. Láti ibi tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ wa ni wọ́n ti fi páìpù omi àti iná sínú kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀yìn yàrá fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Royce ní láti yọ odindi fèrèsé. Ọkùnrin mẹ́ta bá a gbé e, èyí tó ń fọ̀ wà nísàlẹ̀, èyí tó ń gbẹ wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ayùn gé ihò sí ara ọkọ̀ kí ooru lè máa gba ibẹ̀ jáde. Ní gbogbo ìgbà tí ayùn ń ké, Verlon dúró tì í gbagidi, ó ń kọ́ ọ níṣẹ́.

"Ọmọ mi, rọra o. Wáyà wà lẹ́yìn ibẹ̀ yẹn."

"Mo ti rí i, sà. Ẹ ṣé gan-an."

Wáyà kankan ò sí níbẹ̀. Royce ò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Kí ó tó lọ, ó pè mí sí ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí páìpù omi ìdọ̀tí ti wọlẹ̀. "Mà, omi tí ẹ̀rọ yìí ń tú jáde pọ̀, inú táǹkì omi ìwẹ̀ ló sì ń lọ. Irin tí ẹ fi ń ti páìpù omi ìwẹ̀ yìí, ṣíṣí ni kí ó máa wà láti òní lọ. Tó bá wà ní títì, táǹkì á kún, omi á sì gba ibi ìwẹ̀ yín padà wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún Dádì."

Mo sọ fún un. Mo sọ ọ́ títí ẹnu mi fi bó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbé inú ọkọ̀-ilé rí mọ̀ pé títì ni gbogbo wa ń ti irin yẹn. Àá jẹ́ kí táǹkì méjèèjì, ti ìgbẹ́ àti ti omi ìwẹ̀, kún, tó bá di Sátidé, àá kọ́kọ́ tú ti ìgbẹ́, àá wá fi omi ìwẹ̀ ṣan páìpù mọ́. Verlon ló ń kọ́ gbogbo àlejò tó bá wọ ọgbà ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó ti gbàgbé orúkọ ọmọ Kendra, ó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń de okùn bàtà, ṣùgbọ́n kò gbàgbé irin yẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ara fi tù mí. Kí Verlon tó jẹ oúnjẹ àárọ̀ tán, mo ti fọ̀, mo ti gbẹ, mo ti tẹ́ ibùsùn padà. Mi ò rí Lavonne sójú mọ́. Verlon a gbé àga síwájú ẹ̀rọ, a máa wo aṣọ tó ń yí bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Mo tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nínú ilé.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan, mo kó aṣọ sínú ẹ̀rọ, Verlon ń tòògbé lórí àga, mo sáré lọ gba lẹ́tà ní ọ́fíìsì. Mò ń bọ̀ ni mo rí èrò lẹ́nu ọ̀nà wa. Omi ń gba orí àtẹ̀gùn wa sọ̀kalẹ̀, omi dúdú tó ń hó ọṣẹ, tó sì ń rùn. Ó ti gbé bàtà ilé Verlon dé ojú títì.

Mo sáré gba ẹ̀yìn ọkọ̀. Irin wà ní títì. Ṣé ó yẹ kí n bi ẹnikẹ́ni ta ló tì í? Mo rí ilé ìtọ́jú arúgbó lójú mi kedere. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sẹ́ni tó ń wò mí, mo fa irin náà ṣí. Mo yí padà síwájú, mo sì figbe ta.

"Royce ti ba tèmi jẹ́ o! Ẹ wo iṣẹ́ tó ṣe fún mi! Ẹ pe Glenda, kó wá fojú ara rẹ̀ rí i!"

Èmi ni mo ní kí wọ́n pe Glenda, máníjà ọgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Glenda dé, Royce náà sì sáré dé láti ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. "Nedra, kí ló ṣẹlẹ̀?" Glenda bi mí.

"Ẹ bi í! Páìpù tó so ni kò dára. Ọ̀sẹ̀ méjì péré! Irú ẹni báyìí lẹ ń jẹ́ kó máa tún ilé arúgbó ṣe? Ṣé ó fẹ́ pa wá ni?"

Royce lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó padà, ó wo ọwọ́ mi, tí ìdọ̀tí irin náà ṣì wà lára rẹ̀, ó wá wo ojú mi. Mi ò gbé ojú kúrò. Bí mo ṣe burú tó lọ́jọ́ náà nìyẹn.

"Royce, ṣé àṣìṣe tìẹ ni?" Glenda ní.

"Tèmi ni, mà."

"O mọ̀ pé tó bá rí bẹ́ẹ̀, mi ò lè jẹ́ kí o ṣiṣẹ́ níbí mọ́."

"Mo mọ̀."

Ọlọ́run ń gbọ́, inú mi dùn. Oúnjẹ ọkùnrin náà ni mo gbà lẹ́nu rẹ̀, inú mi sì dùn. Mo ní ó ti parí, a ti bọ́.

Àfi bí Verlon ṣe yọ sí ẹnu ọ̀nà. Ṣòkòtò rẹ̀ tutù láti ìbàdí wálẹ̀, kì í ṣe omi ẹ̀rọ ló rin ín.

"Ta ló ṣí irin mi?" ó ní.

"Verlon, wọlé, jàre. Wọlé!"

"Mo ní ta ló ṣí i? Ṣebí èmi ni mo tì í láàárọ̀! Odindi ọdún mọ́kànlá, mi ò ṣí i sílẹ̀ rí. Ọmọ mi, ṣé ìwọ ni? Àbí mi ò kọ́ ẹ?"

"Ẹ kọ́ mi, sà," ni Royce ń sọ.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Lavonne bọ́ súwẹ́tà ara rẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn nínú omi ẹlẹ́gbin yẹn, ó so ó mọ́ Verlon nídìí, ó sì mú un wọlé bí ẹni mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Glenda fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Nedra, ṣé o rò pé a ò mọ̀ ni? Láti ọdún tó kọjá ni gbogbo wa ti mọ̀. Lavonne ló ń nu ẹ̀rọ yàrá ìfọṣọ lẹ́yìn rẹ kí ẹnikẹ́ni má baà wá fẹjọ́ sùn mí. Mo ti pinnu pé ojú mi ò rí nǹkan kan. Ká ní omi ya lásán ni, à bá gbá a, ọ̀rọ̀ ì bá sì bùṣe. Ṣùgbọ́n ìwọ lo pè mí síwájú gbogbo ènìyàn pé kí n wádìí. Mo ti wádìí wàyí. Kí ni kí n kọ sínú ìwé?"

Lójú mi ló kọ ọ́ sínú ìwé pé Verlon ò lè tọ́jú ara rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá Royce. Mo bẹ̀ ẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀. Ó ń fi àkísà nu irinṣẹ́ rẹ̀, kò gbójú sókè. "Mo ti gbà á fún yín, mà," ó ní. "Tó bá jẹ́ pé Dádì ò jáde ni, ẹ̀bi ì bá ti parí sọ́dọ̀ mi." Kò sọ pé òun dárí jì mí, kò sì sọ pé òun ò dárí jì mí. Mo padà sílé. Èmi tí mò ń ṣọ́ gbogbo ẹnu tó wà nínú ọgbà, ẹnu tèmi gan-an ló lé ọkọ mi jáde.

Kendra dé lọ́jọ́ Sátidé. Ilé ìtọ́jú kan nítòsí rẹ̀ ti rí àyè fún Verlon, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n má ṣe dé ibẹ̀ fún oṣù kan, kí ibẹ̀ lè mọ́ ọn lára. Oṣù kan! A ò tíì sùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan rí láti ìgbà tí a ti fẹ́ra. Kendra gbé àpótí bàbá rẹ̀ sínú búùtù, mo fún Verlon ní kọfí nínú fúláàsì, mo de bẹ́líìtì mọ́ ọn láyà lórí àga ẹ̀yìn.

Ó wò mí. Ó tú bẹ́líìtì náà, ó sún wọlé, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá eruku kúrò lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Wọlé, Nedra," ó ní. "Àyè wà."

Kendra gbé ojú sí ojú títì.

"Mò ń bọ̀," ni mo sọ fún un. "Jẹ́ kí n lọ mú súwẹ́tà mi."

Ó gbà mí gbọ́. Mo ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ Kendra, wọ́n sì lọ, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí àga yẹn, ó ń gba àyè sílẹ̀ dè mí.