Ìbọ̀wọ́ Stefka

"Pa á, Orysia," ni bàbá rẹ̀ wí. "Pa á kó tó ba ẹ́ńjìnnì mi jẹ́."

Orysia pa ọkọ̀ náà. Orí adágún tó ti di yìnyín ni wọ́n wà, ilé wọn ń bẹ létí omi lẹ́yìn wọn. Píkọ́ọ̀pù tí bàbá rẹ̀, Metro, fi ń sá eré ìdíje lórí yìnyín láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ń wúkọ́ bí ẹni tí èéfín há lọ́fun. Lọ́la ni bàbá máa kó lọ sílé àwọn arúgbó. Ohun kan ṣoṣo ló ní kí wọ́n ṣe fún òun kí òun tó lọ: kí wọ́n jẹ́ kí òun wa ọkọ̀ yìí dé òdìkejì adágún, kí òun sì wà á padà.

Kendall tó ti ra ọkọ̀ náà ti gbé tírélà wá láti ìlú Saskatoon. Ó ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ nínú òtútù. "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n kúkú wọ́ ọ gun tírélà. Ó jọ pé òkú lẹ tà fún mi."

"Lánàá geere ló ń dún," ni Orysia wí. "Bàbá náà gbọ́ ọ."

"Ibo lo ti tún un ṣe?" ni bàbá bi í.

"Inú gáréèjì."

"O ti ilẹ̀kùn, o wá tan iná kí ibẹ̀ gbóná?"

"Òtútù ń mú mi, Bàbá. Èmi náà ti ń dàgbà."

"Ṣé inú gáréèjì la ti fẹ́ sáré ni?"

Kendall rẹ́rìn-ín. Ojú ti Orysia, torí láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ló ti mọ̀ pé bàbá òun kì í tún ọkọ̀ yìí ṣe níbi tó bá móoru. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tú púlọ́ọ̀gì kan tó ń tanná sí epo. Ó funfun bí eérú. Ebi epo ló ń pa ẹ́ńjìnnì náà: atẹ́gùn òtútù ki, ó ń rọ́ wọlé, epo tó ń bá a wọlé kò sì tó. Bí bàbá bá fi í sáré báyìí, písítìn á lu kó tó dé àárín adágún.

"Ìbọ̀wọ́ ìyá ẹ ńkọ́?" ni bàbá wí.

Inú àpótí kékeré iwájú ọkọ̀ ló wà. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Stefka, ìyá rẹ̀. Àwọn idẹ tín-ín-tín tí epo ń gba ihò wọn kọjá wà nínú rẹ̀, àwọn oníhò ńlá tí wọ́n ń lò nígbà òtútù. Abẹ́ abíyá ni Stefka máa ń há ìbọ̀wọ́ yìí sí kí idẹ lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí òtútù má baà jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Metro," á ní, "ọkọ̀ yìí lo gbé níyàwó. Aládùúgbò yín lèmi." Síbẹ̀ á dúró tì í títí iṣẹ́ á fi parí.

Orysia há ìbọ̀wọ́ náà sí abíyá, ó ń fi àwọn idẹ inú rẹ̀ rọ́pò ti inú ẹ́ńjìnnì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Epo tó dà sí i lọ́wọ́ ta á bí iná. Ọwọ́ bàbá ń gbọ̀n, kò lè ràn án lọ́wọ́, àmọ́ ó dúró tì í. Àárò ìyá rẹ̀ sọ Orysia.

Nígbà tí ọkọ̀ tún dún, bàbá tẹ́tí sílẹ̀, ó mi orí pé ó dáa, ó wọlé. Ó wà á lọ títí ó fi kéré lójú wọn. Ohùn ọkọ̀ náà ò já rárá. Ó rọra wà á padà, ó pa á, ó jókòó sínú rẹ̀ díẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀.

"Àwọn idẹ tó kù ńkọ́, Àǹtí?" ni Kendall wí, ó na ọwọ́ sí ìbọ̀wọ́ náà. "Ti ọkọ̀ ni wọ́n."

Orysia ti fẹ́ gbé e fún un kó tó rí ibi tí bàbá ń wò. Ó fà á padà.

"Bọ́ ìbọ̀wọ́ tìẹ wá," ló wí fún Kendall. Ó da àwọn idẹ náà sínú rẹ̀.

"Abíyá ni kó o máa há wọn sí," ni bàbá wí fún Kendall.

Orysia di ọwọ́ bàbá tó ń gbọ̀n mú, ó fi ìbọ̀wọ́ náà wọ̀ ọ́.

"Ó kéré fún mi."

"Mo mọ̀," ni Orysia wí. "Ẹ wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ máa wọ̀ ọ́ lọ lọ́la."