Ọjọ́ Tí A Gbé Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Kọjá Odò

Ìwé ìbéèrè mẹ́rìnlélógún ló wà nínú báàgì mi ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan tó wà lẹ́yìn Arimogija. Èmi ni mo kọ wọ́n, èmi ni mo tẹ̀ wọ́n, mo sì fẹ́ràn wọn bí ẹni pé mo bí wọn. Dùnsìn ni orúkọ mi. Ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀wọ̀ ni mò ń gbé, níbi tí bàbá mi ti fi iṣẹ́ olùkọ́ tọ́ wa lẹ́yìn tó kúrò ní Àkókó. Lọ́dún náà, mò ń kàwé gboyè kejì mọ́ iṣẹ́, ohun tí mo sì ń wádìí ni ohun tó ń mú kí ènìyàn fi tọkàntọkàn ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́.

Olùkọ́ wa, Dókítà Láníyì, ti ya àtẹ̀gùn kan sójú pátákó fún wa. Ó ní ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan ló ronú nǹkan náà jáde ní bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn. Nísàlẹ̀ pátápátá ni oúnjẹ, omi àti oorun wà. Tí ènìyàn bá ti rí ìyẹn, ààbò ló kàn: ilé tí òjò ò lè pa á nínú rẹ̀, iṣẹ́ tí kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò tó máa wá ìfẹ́ àti ẹgbẹ́, kó tó wá kan iyì lójú àwọn èèyàn. Lókè téńté ni kí ènìyàn lo ẹ̀bùn tó wà nínú rẹ̀ dé góńgó. Dókítà Láníyì fi ṣọ́ọ̀kì gbá ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn náà, ó ní, "Ibí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò rí ibi sùn, kí lẹ fẹ́ bá a sọ nípa iyì?"

Mo gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ délẹ̀délẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Adégbénga, ní kí n lọ wo ilé àwọn òṣìṣẹ́ tí ìjì ti ṣí lórí ní ilé ìwòsàn yẹn, inú mi dùn. Mo ní lọ́kàn mi pé àwọn tí ìwé mi ń wá gan-an nìyẹn, àwọn tí wọn ò tíì kúrò ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

Mo wọ ọkọ̀ láti Ọ̀wọ̀ dé Ùtè, mo sì gun ọ̀kadà láti ibẹ̀. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ẹrẹ̀ sì ti bò mí dé orúnkún kí n tó débẹ̀ ní aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀.

Òótọ́ ni ohun tí wọ́n sọ nípa ilé náà. Ògiri nìkan ló kù. Koríko ti ń hù nínú pálọ̀. Obìnrin kan tó tó ẹni àádọ́ta ọdún jáde sí mi láti inú ilé ìwòsàn, ó wọ aṣọ funfun tí wọ́n ti lọ̀ dáadáa, ó wọ bàtà rọ́bà pupa. Nọ́ọ̀sì Margaret nìyẹn, ọmọ Ọ̀wọ̀, tí ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ń gbé níbẹ̀.

Ó kí mi tán, ó ní, "Ẹ má bínú pé n kò rí àga gbé fún yín, mà. Inú yàrá tí a ń kó káàdì àwọn aláìsàn sí ni mò ń sùn báyìí. Boniface, olùrànlọ́wọ́ mi, ń sùn ní kíláàsì iléèwé tó wà lọ́hùn-ún. Tó bá di ìdájí, ó máa ń palẹ̀ ẹní rẹ̀ mọ́ kí àwọn ọmọ iléèwé tó dé."

"Ó ti tó ìgbà wo?"

"Oṣù kẹta rèé."

Mo yọ ìwé ìbéèrè kan, mo nà án sí i. Kò gbà á. Àpótí kékeré kan tó ní okùn àgbékọ́ wà lórí tábìlì lẹ́yìn rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára kiri nínú yìnyín. Ọkùnrin gíga kan ń fi aṣọ nu ìdérí rẹ̀. Boniface nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ bá mi fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mà. Òní ni àwọn ọmọ Àbà Jonah, lódìkejì odò, máa gba abẹ́rẹ́ wọn. Láti Ùtè ni wọ́n ti gbé e wá kí ilẹ̀ tó mọ́. Tí yìnyín yìí bá yọ́, abẹ́rẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn."

Boniface ní, "Igi tí a fi ṣe afárá ti bá omi lọ. Ọ̀kadà ò ní lè kọjá."

"Ẹsẹ̀ wa ńkọ́?" ni Nọ́ọ̀sì dá a lóhùn. Ó ti ń fi náílọ́nù di ìwé orúkọ àwọn ọmọ náà.

Mi ò lè ṣàlàyé ohun tó mú mi tẹ̀lé wọn. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ti parí. Mo ti rí ilé tí kò ní òrùlé. Ṣùgbọ́n mo fi báàgì mi sílẹ̀, mo ká sòkòtò mi sókè, mo sì bá wọn lọ.

Nígbà tí a dé odò, ẹ̀rù bà mí. Omi náà pọ́n bí epo, ó ń yí, ó ń gbé ẹ̀ka igi kọjá. Boniface so okùn kan mọ́ igi létí omi, ó wọ́ ọ kọjá, ó so ó mọ́ òdìkejì, ó sì tún padà wá. Omi dé àyà rẹ̀, ọkùnrin tó ga tó bẹ́ẹ̀. Ó gbé àpótí náà rù, ó ní kí àwa méjèèjì di okùn mú ṣinṣin.

"Ṣé ẹ mọ odò wẹ̀, mà?" ni mo bi Nọ́ọ̀sì.

"Rárá o," ló wí, ó sì wọ inú omi.

A ti dé àárín nígbà tí ìtì igi kan wá láti òkè odò. Mo rí i, mo pariwo, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí Boniface lè yà sí. Igi náà gbá a ní ìhà. Ó rì. Orí rẹ̀ wọ inú omi pátápátá, n kò sì rí nǹkan kan mọ́ bí kò ṣe ọwọ́ méjì tó yọ sókè láti inú omi pupa náà, tó nà gbọọrọ, tó di àpótí náà mú sókè. Àwọn ọwọ́ náà kò gbọ̀n. Wọn kò wá okùn. Mo ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan láyé mi, ṣùgbọ́n n kò tíì rí irú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tí kò mọ odò wẹ̀ ti fi ọwọ́ kan sílẹ̀ lára okùn, ó gbá bẹ́líìtì Boniface mú. "Boniface! Boniface!" Ó fà á. Èmi náà fa Nọ́ọ̀sì. Orí ọkùnrin náà yọ jáde, ó wúkọ́, ó tu omi nù, ó sì sọ̀rọ̀.

"Ṣé omi wọ inú àpótí?"

Kò béèrè nípa ìhà rẹ̀ tí ó ti bó.

A rìn tó wákàtí kan lẹ́yìn ìyẹn láàárín oko kòkó. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ń ta mí. Mo rántí pé n kò tíì jẹun láti àárọ̀, mo sì wo àwọn méjèèjì níwájú mi, mo rí i pé àwọn náà kò tíì jẹun.

Abẹ́ àgọ́ tí wọ́n ń sá kòkó sí ni àwọn ìyá ti ń retí wa. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ibtisam ló dìde lákọ̀ọ́kọ́, ó pọn ọmọ, ó di èkejì lọ́wọ́ mú. Ó tú náílọ́nù mẹ́ta kí ó tó mú káàdì àjẹsára méjì jáde. Wọ́n gbẹ, wọ́n mọ́ bí ìwé tuntun. Mo wo ilé tí ó ti jáde wá: ìjì kan náà ti ká páànù rẹ̀ lọ, ewé ọ̀pẹ ni wọ́n fi bo ìdajì rẹ̀. Aṣọ rẹ̀ tutù. Nínú gbogbo ohun tó ní, káàdì àwọn ọmọ rẹ̀ nìkan ni òjò kò kàn.

Ó sọ fún mi nígbà tí mo ń yìn ín pé, "A ò gbọ́ pé afárá ti lọ. Ká tiẹ̀ gbọ́, a mọ̀ pé Nọ́ọ̀sì ń bọ̀."

Ọmọ mẹ́tàdínlógún ló yẹ kó gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà. Nọ́ọ̀sì Margaret pe orúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan láì ṣí ìwé. Ó mọ èyí tí eyín rẹ̀ ń yọ, ó mọ èyí tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún. Nígbà tó ṣe mẹ́rìndínlógún tán, ó nara, ó wò yíká.

"Ọmọ Gbọ́lá dà?"

Wọ́n ní Gbọ́lá àti ìyàwó rẹ̀ wà ní oko iṣu lọ́hùn-ún, ìrìn bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí i. Nọ́ọ̀sì ṣí àpótí wò. Yìnyín kù díẹ̀. Boniface ti jókòó, ó di ìhà rẹ̀ mú, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó gbìyànjú láti dìde.

Mo gbọ́ ohùn ara mi. "Ẹ jókòó, sà. Ẹ jẹ́ kí n gbé e."

Ó wò mí tipẹ́tipẹ́ kó tó gbé okùn àpótí náà kọ́ mi léjìká. Mo ti rò pé yóò wúwo. Kò wúwo rárá. Síbẹ̀, mo rìn bí ẹni tí wọ́n gbé adé lé lọ́wọ́, mò ń wo ilẹ̀ kí n má baà kọsẹ̀, mò ń gbàdúrà fún yìnyín. N kò rántí ebi mọ́. N kò rántí ẹsẹ̀ tó ń ta mí. Láti ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, irú ọkàn bẹ́ẹ̀ kò tíì wọ̀ mí.

Èmi àti Nọ́ọ̀sì bá ọmọ náà lórí ẹní lábẹ́ igi òro, ó ń jẹ iṣu sísun. Ó sunkún títí tí àwọn ẹyẹ fi fò. Nọ́ọ̀sì kọ déètì sórí káàdì rẹ̀, ó sì jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

Ibẹ̀ ni mo ti bi í. Mo ní, "Anti, ẹ ò ní ibi tí ẹ máa sùn. Ẹ ò tíì jẹun. Kí ló dé tí ẹ fi ń ṣe èyí?"

"Ṣé ẹ rò pé n kò fẹ́ òrùlé ni?" Ojú rẹ̀ le díẹ̀. "Mo fẹ́ ẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ lẹ́tà pé kí wọ́n gbé mi padà sí Ọ̀wọ̀. Ebi ń pa mí bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má lọ kọ ọ́ sínú ìwé yín pé ángẹ́lì kan wà ní Arimogija."

Ó ń wo ọmọ náà.

"Ọdún tí mo dé ibí, àrùn kan tó máa ń sú sí ọmọdé lára, tó ń sọ ojú wọn di pupa, ó pa ọmọ mẹ́rin ní Àbà Jonah láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi ni mo pa ojú wọn dé. Láti ọdún mẹ́fà báyìí, kò pa ìkankan mọ́. Tí mo bá wá síbí tí mo rí wọn tí wọ́n ń sáré kiri, tí wọ́n ń lu ara wọn, mo máa ń wò ó pé èmi náà wà nínú eré yẹn. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Àmọ́ mo wà níbẹ̀."

Nígbà tí a ń padà, tí omi ti fà, mo bi Boniface náà léèrè pé kí ló mú un di àpótí mú tó bẹ́ẹ̀ nínú omi. Ó rẹ́rìn-ín, ó di ìhà rẹ̀ mú.

"Nínú àwa mẹ́ta, madam, ta ló tún ga?"

Lọ́jọ́ kejì, mo kọ ìròyìn mi. Ní ọ́fíìsì, tí a bá ti kọ ìròyìn, a máa ń fi í sílẹ̀ kó máa lọ fúnra rẹ̀. Èyí tèmi, mo mú fáìlì rẹ̀ dání, mo bá a lọ láti tábìlì dé tábìlì fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Adégbénga bi mí bóyá ìyá mi ló ń gbé inú ilé náà. Ní oṣù kẹjọ, wọ́n kan òrùlé tuntun.

Mo sọ ohun tí mo rí fún Dókítà Láníyì. Ó yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀mọ̀wé yẹn fúnra rẹ̀ kò sọ pé gbogbo èèyàn ló ń gun àtẹ̀gùn náà ní ìpele dé ìpele. Àwa tí à ń kọ́ni la sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀, torí ó rọrùn láti yà sójú pátákó." Ó ní kí n lọ tún iṣẹ́ ìwádìí mi kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo tún un kọ.

Ní oṣù kìíní, lẹ́tà tí Nọ́ọ̀sì Margaret ń retí jáde. Ó kó ẹrù rẹ̀ padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, inú rẹ̀ sì dùn gan-an. Mo bá a gbé àpótí aṣọ rẹ̀ wọlé. Nọ́ọ̀sì tuntun kan, Ṣèyíọlá, ló rọ́pò rẹ̀. Ọ̀dọ́ ni, kò tíì mọ ọ̀nà Àbà Jonah.

Ọjọ́ àjẹsára àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìyẹn, Boniface pè mí lórí fóònù ní ọ́fíìsì. Ó ń mí gúlegúle.

"Madam, ẹ gbọ́. Bí a ṣe ń múra láti lọ, a gbọ́ ariwo létí odò. Àwọn ìyá Àbà Jonah ni. Gbogbo wọn! Wọ́n ní nọ́ọ̀sì tuntun lè ṣìnà, pé àwọn á kúkú gbé àwọn ọmọ wá fúnra wọn. Ibtisam ló ṣáájú. Wọ́n gbé àwọn ọmọ sí èjìká, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bọ̀ nínú omi."

Mo ti dìde dúró nídìí tábìlì mi kí ó tó sọ̀rọ̀ náà tán. Àwọn tó wà ní ọ́fíìsì ń wò mí, wọ́n ń béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀, mo sì gbé fóònù náà sórí tábìlì kí wọ́n lè gbọ́, mo ní kí Boniface tún un sọ.