Òkè Tí Kò Ní Àtẹ̀gùn

"Ìlà yẹn ṣì wà níbẹ̀," ni ọ̀gá ibùdókọ̀ ojú irin wí. Ó na ìka sí aṣọ tó wà lórí òfì, ó sì fà á lọ láti òsì sí ọ̀tún bí ẹni tó ń nu eruku orí pẹpẹ. "Àbí ẹ̀yin ò rí i?"

Afínjú rí i. Ọjọ́ kẹrin rèé tó ti ń rí i, kódà bó bá dijú.

Òkè tó wà lẹ́yìn ìlú ló ń hun sára aṣọ náà: igbó dúdú ní ìsàlẹ̀, ojú irin tó ń yí gba ẹ̀gbẹ́ òkè lọ, àti ìkùukùu ní ṣóńṣó orí. Ara ògiri ibùdókọ̀ tuntun ni wọ́n máa fi kọ́. Àdéhùn wọn ni pé kí àwọ̀ rẹ̀ máa ṣí díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Oríṣi òwú méjìdínlógún ló fọwọ́ ara rẹ̀ pa láró fún iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó hun ún dé ìdajì, níbi tí àwọ̀ ewé ti ń di àwọ̀ eérú, ìlà kan dábùú rẹ̀, ó hàn ketekete bí etí tábìlì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti tú u. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìlà náà padà wá.

"Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yín," ni ọ̀gá náà wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Èmi ni mo bá wọn jiyàn pé ọwọ́ èèyàn ni kó ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lókè mi ti ní kí ẹ̀rọ tẹ àwòrán kan sórí ọ̀rá, ó ti wà nínú páálí rẹ̀. Bí ìlà yìí bá ṣì wà ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, òun ni wọ́n máa gbé kọ́."

Nígbà tó lọ tán, Afínjú jókòó sórí àpótí, ó sì gbójú sókè wo fọ́tò òkè náà tí wọ́n fún un kó máa wò hun aṣọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló yà á. Orúkọ ẹ̀gbọ́n náà wà ní igun rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ṣẹ́ igun yẹn sẹ́yìn kó tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ọdún mẹ́fà ni wọn ò ti bára wọn sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí Afínjú kọ́kọ́ pàtẹ aṣọ rẹ̀ fún gbogbo ìlú wá wò ni ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé kámẹ́rà wá, ó wo aṣọ yíká, ó sì sọ lójú àwọn àlejò pé, "Àwọ̀ pọ̀ níbí o, ìmọ́lẹ̀ ni ò sí." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Afínjú ò rẹ́rìn-ín, kò sì dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́.

Ó wo ìlà inú aṣọ náà, ó tún wo fọ́tò. Nígbà tó yá ó dìde, ó kó ìdì òwú méjèèjìdínlógún sínú àpò, ó sì tilẹ̀kùn.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún un. Obìnrin yìí gan-an ló fún un lórúkọ Afínjú, nígbà tó kọ́kọ́ dé ilé wọn.

"Afínjú? Ẹsẹ̀ yín rèé?"

"Òun rèé, ìyàwó wa."

"Ẹ tètè wọlé, kí ọkọ mi má baà gbóhùn yín kó gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò sá. Ó jókòó nídìí tábìlì, ó ń fi aṣọ kékeré nu ojú kámẹ́rà. Irun rẹ̀ ti funfun ju bí Afínjú ṣe fi í sílẹ̀ lọ.

"Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n."

"Káàsán. Jókòó."

Ó jókòó. Kò sí èyí tó mọ ibi tí èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́fà nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ túra ká.

"Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn, òótọ́ ni. Ibi tí mo ti sọ ọ́ ni kò dáa. Ó yẹ kí n pè ọ́ sí kọ̀rọ̀."

"Ọdún mẹ́fà lẹ fi ro èyí?"

"Ọdún kan ni mo fi rò ó. Ìtìjú ló gba márùn-ún tó kù."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu Afínjú, ó gbé e mì. "Òótọ́ yẹn ló lé mi dé ibí," ló wí, ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ní kó to àwọn òwú náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nídìí fèrèsé, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra nínú aṣọ. Ó yí nǹkan kan lára kámẹ́rà rẹ̀ kó lè yà wọ́n ní dúdú àti funfun, ó yà wọ́n, ó sì yí ẹ̀yìn kámẹ́rà tí àwòrán ti hàn sí Afínjú. "Wò ó."

Gbogbo àwọ̀ ti lọ. Dúdú ló kù, àti funfun, àti eérú tó wà láàárín wọn. Láti òwú kìíní dé ìkẹjọ, ó ń mọ́lẹ̀ bọ̀ jẹ́jẹ́. Lójijì, ìkẹsàn-án fò sókè, ó funfun rékọjá ààlà. Ìkẹwàá tún ṣókùnkùn jù ú lọ.

"Ojú rẹ ń wo orúkọ àwọ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ewé ni èyí, eérú ni tọ̀hún, o ní wọ́n jọra. Kò wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe dúdú tó. Àtẹ̀gùn lo kọ́ síbẹ̀, àbúrò mi. Ọkọ̀ ojú irin kì í gun àtẹ̀gùn."

Afínjú kúnlẹ̀ ti àwọn òwú náà, ó dijú díẹ̀, ó tún wọn tò, ó tún dijú. Ẹ̀gbọ́n ń wò ó, kò sì dá sí i. Ìkẹsàn-án ò gba ibì kankan. Nígbà tó yá ó mú un kúrò pátápátá, ó sì fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀.

"Kò sí ohun tó lè dí ihò yìí nínú ohun tí mo ní," ló wí. "Màá pa òmíràn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe abọ́ aró ọ̀tọ̀ fún òwú kọ̀ọ̀kan mọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, abọ́ aró kan ṣoṣo ló pò. Ó rẹ ìdì òwú kìíní, ó yọ ọ́, ó bu ife omi kan sí aró náà, ó rẹ ìkejì fún ìwọ̀n àkókò kan náà, ó tún bu ife kan sí i. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí tó fi rẹ méje. Nígbà tí wọ́n gbẹ, ó sún mọ́ wọn, ó rìn jìnnà sí wọn, kò lè tọ́ka sí ibi tí àwọ̀ ti yí padà. Ó tú aṣọ náà dé ìsàlẹ̀ ibi tí ìlà wà. Níbi tí òwú méjì bá ti pàdé, ó ń fi wọ́n hun ní àgbàyí, ìlà kan ti èyí, ìlà kan ti ìyẹn, kí wọ́n lè mọ ara wọn kí wọ́n tó pínyà.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá ibùdókọ̀ wá. Ó dúró síwájú òfì, ó bẹ̀rẹ̀, ó nàró, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀.

"Níbo ni ìlà yẹn gbà?" ló béèrè.

"Kò gba ibì kankan," ni Afínjú dáhùn. "Òkè lẹ ń wò yẹn."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, wọ́n ṣí ibùdókọ̀ náà, aṣọ Afínjú sì bo ògiri láti ilẹ̀ dé àjà. Èrò ń dúró wò ó bí wọ́n ṣe ń wọlé. Ẹni tó pẹ́ jù níwájú rẹ̀ ni awakọ̀ àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Ìjàpá Irin. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń wa ọkọ̀ gun òkè yẹn. Ó gbé ìka sókè, ó fi tọ ojú irin inú aṣọ náà lọ, ó sì dúró ní ibì kan tí kò sí àmì kankan.

"Ibí ni ẹ́ńjìnnì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle," ló wí. "Ẹ ti gùn ún rí, àbí?"

"Rárá o. Inú fọ́tò ẹ̀gbọ́n mi yìí ni mo ti mọ̀ ọ́n."

Ìjàpá Irin wo ẹ̀gbọ́n tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Afínjú, ó wo Afínjú, ó mi orí. "Mò ń ṣí ọkọ̀ nísinsìnyí. Àyè méjì wà níwájú lọ́dọ̀ mi."

Ọ̀gá ibùdókọ̀ sáré dé. Àwọn àlejò ńlá ti tò, wọ́n fẹ́ kí ahunṣọ wá dúró sáàárín wọn kí wọ́n ya fọ́tò.

"Ẹ bá mi kí wọn," ni Afínjú wí. "Ẹ ní màá rí wọn tí mo bá sọ̀ kalẹ̀."

Ó gùnkè sínú ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ gbéra. Ilé ń kéré sẹ́yìn, igbó sún mọ́ wọn, afẹ́fẹ́ tutù. Afínjú tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ara irin tó wà níwájú rẹ̀, ó ń dúró de ibi tí òkè ti máa bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, òrùlé ìlú ti wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ wọn. Kò mọ ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì pọ̀ débi pé Ìjàpá Irin fọn fèrè ọkọ̀ láti bá a gbè é.