Ọkọ̀ Kọjá Ìdí-Ọsàn

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹta. Oyèkànmí, ọmọ Akínlàjà, kú.

Ohun tí wọ́n tẹ̀ sára tíkẹ́ẹ̀tì mi nìyẹn. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ ìdíkọ̀ tí n ó sọ̀ kalẹ̀ sí: Ìdí-Ọsàn. Èmi ni Akínlàjà. Mo ka tíkẹ́ẹ̀tì náà lẹ́ẹ̀mejì, mo rí i pé kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀, mo sì fi í sínú àpò àyà mi.

Ọkọ̀ ojú irin náà ti ń lọ. Ọ̀sán gangan ni. Àwọn àga inú pálọ̀ mi ni ìjókòó inú rẹ̀, wọ́n sì tò wọ́n bí wọ́n ṣe tò wọ́n lọ́jọ́ tí àwọn èèyàn wá bá mi kẹ́dùn. Àwọn èrò jókòó sórí wọn, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Fèrèsé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àbúrò mi Ládòkun ti kìlọ̀ fún mi nípa fèrèsé náà kí n tó wọkọ̀. Òun ni ó sin ọmọ mi. Ní ilé wa, òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Wọn kì í jẹ́ kí ó rí i, wọn kì í sì sọ ìlú tí ó wà fún un. Ládòkun ní, "Bọ̀dá mi, tí ọkọ̀ bá ti gun afárá, ẹ pajú dé. Ẹ má là á títí tí ẹnì kan yóò fi sọ fún yín pé ó tó."

Ọkọ̀ gun afárá. Odò tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ dúró sójú kan, àwọn ẹja inú rẹ̀ sì ń rìn lọ lórí iyanrìn, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ọmọ iléèwé. Mo pajú dé. Mo tún fi ọwọ́ bò ó. Mo gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ ìdíkọ̀ kan, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ ẹrù kalẹ̀, mo gbọ́ òórùn ọsàn tí ẹnì kan ń bó. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé ó tó. Mo jókòó bẹ́ẹ̀. Èmi kì í ṣe ẹni tí í la ojú nígbà tí wọ́n bá ní kí ó pa á dé.

Nígbà tí mo là á, ọkọ̀ ti dúró. Pápá kan ni a wà, ilẹ̀ rẹ̀ pupa. Wọ́n ti fi aṣọ funfun bo pátákó tí wọ́n kọ orúkọ ibẹ̀ sí, wọ́n sì fi okùn dì í kí atẹ́gùn má baà ṣí i.

"Tíkẹ́ẹ̀tì yín, Bọ̀dá mi."

Ládòkun ni. Ó dé fìlà òṣìṣẹ́ rélùwéè, ó gbé ìwé ńlá kan sábẹ́ abíyá, amọ̀ pupa sì gbẹ mọ́ bàtà rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó gba tíkẹ́ẹ̀tì náà, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn.

"Ìdí-Ọsàn ni wọ́n kọ síbí. Ẹ ti kọjá Ìdí-Ọsàn."

"Ìwọ ni o ní kí n pajú dé."

"Ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu mi?"

"Ládòkun."

"Ẹ má bínú, Bọ̀dá mi. Ìwé ò mọ ẹ̀gbọ́n." Ó ṣí ìwé náà. "Ẹ̀sùn yín ni pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ kọjá ibi tí ẹ sanwó dé, kí ẹ lè dé ibi tí wọn ò fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ẹ ó gba ìtanràn."

"N kò ní gbà á. Àṣìṣe ni."

Bí mo ti sọ ọ́, àwọn èrò dáwọ́ ẹ̀pà jíjẹ dúró. Obìnrin kan bú sẹ́rìn-ín. "Wòléwòlé ló ń sọ pé àṣìṣe ni! Ẹ gbọ́ o!" Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní, "Ẹ ní kó tún un sọ. Etí kan ni mo fi gbọ́ ọ."

Òótọ́ ni pé mo ṣiṣẹ́ wòléwòlé fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo ń wọ agboolé, mo ń yẹ omi mímu wò, mo ń yẹ ṣálángá wò, mo sì ń bu ìtanràn lé ẹni tí ó bá jẹ̀bi. Ẹnikẹ́ni kò fún mi ní ẹyin adìẹ kan rí kí n gbà á. Mo sọ fún Ládòkun pé orúkọ mi kò wọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí, kò sì ní wọ ọ́ lọ́jọ́ ogbó mi. Kí ó mú mi lọ síwájú ẹni tí ó lè gbọ́ ẹjọ́.

"Ẹ ò tiẹ̀ ní béèrè ohun tí ìtanràn náà jẹ́?"

"Kò kàn mí. N kò jẹ̀bi."

Yàrá tí Ládòkun mú mi wọ̀ nínú ọkọ̀ náà ni agboolé kan tí mo ti wọ̀ rí ní ọdún kẹrin tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní igi ìbẹ́pẹ, ó ní ààrò mẹ́ta, kò sì ní òrùlé. Àmù kan jókòó lórí òṣùká láàrin rẹ̀. Mo mọ àmù náà. Èmi ni mo fi irin lù ú fọ́ nítorí tanwíjí wà nínú omi rẹ̀. Obìnrin tí ó ni ín kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ní àṣìṣe ni, ọmọ òun ń ṣàìsàn, láti ọjọ́ mẹ́ta òun kò ráyè da omi nù. Mo sọ fún un pé àṣìṣe kì í pa ẹ̀fọn. Wọ́n ti fi oje igi lẹ àmù náà pọ̀, ó sì ń jò díẹ̀díẹ̀ níbi tí irin ti bà á. Àmù náà ni adájọ́.

"Akínlàjà," ni àmù náà wí. Omi ń mì nínú rẹ̀ bí ó ti ń sọ̀rọ̀. "Wọ́n ní o ṣe àṣìṣe."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Olúwa mi."

"Àṣìṣe kì í pa ẹ̀fọn."

Àwọn èrò, tí wọ́n ti gbé àga wọn tẹ̀ lé wa wọlé, pàtẹ́wọ́. Àwọn tanwíjí ń jó lójú omi.

Mo ro ẹjọ́ mi. Mo ní bí mo bá mọ̀ pé ibí ni wọ́n sin ọmọ mi sí, mo jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n n kò mọ̀. Mo ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n gbé e gbà jáde nígbà tí èmi wà ní pálọ̀. N kò béèrè, n kò tọ ipasẹ̀ ẹnikẹ́ni, n kò wo bàtà ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo dárúkọ bàtà, Ládòkun fi ẹsẹ̀ kan bo èkejì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láìgbé ohùn sókè. Mo mọ̀ pé mo rò ó dáadáa.

"Ó tó," ni àmù wí. "Ẹni tí kò mọ ibì kan kò lè mọ ará ibẹ̀. Bí o bá mọ ẹnì kan ṣoṣo níbí, a jẹ́ pé o mọ̀ọ́mọ̀ wá. Bí o kò bá mọ ẹnikẹ́ni, àṣìṣe ni, o ó sì máa lọ sílé. Ẹ pè é wọlé."

Oyèkànmí gba ẹnu ọ̀nà tí ó kọjú sí pápá wọlé.

Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé tí mo ní kí ó má wọ̀ mọ́ nítorí ọrùn rẹ̀ ti gbó. Ó wọ bàtà awọ tí èmi fúnra mi fi wáyà bàbà rán ní ẹsẹ̀ òsì, ó sì ń wọ́ ẹsẹ̀ náà nílẹ̀ díẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe kí wáyà má baà gún un. Ó rí mi. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, ó fi àyà kan ilẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ kú ewu ọ̀nà. Mo sọ fún wọn pé ẹ ó wá. Wọ́n ní ẹ ò lè wá."

Ó wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ń retí kí n ní kí ó dìde. Ní ilé mi, ọmọ kì í dìde títí n ó fi sọ bẹ́ẹ̀; èmi ni mo kọ́ ọ.

"Akínlàjà," ni àmù wí, "ṣé o mọ ọmọkùnrin yìí?"

Ládòkun ti fi ẹnu bírò sórí ìlà tí wọn yóò kọ orúkọ mi sí. Bírò náà ni mo ń wò.

"N kò mọ̀ ọ́n rí," ni mo wí.

Oyèkànmí gbé orí sókè, ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó dìde fúnra rẹ̀, ó gbọn eruku àyà rẹ̀ nù.

"Kò burú, sà," ni ó wí. "Ẹ má bínú. Àṣìṣe ni."

Ó jókòó díẹ̀ sórí àga kan, ó bọ́ bàtà òsì, ó wo ibi tí wáyà wà, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó gba ibi tí ó gbà wọlé jáde.

"O jàre," ni àmù wí. Omi inú rẹ̀ dákẹ́.

Ládòkun ya ojú ewé náà kúrò, ó fi í sẹ́nu, ó jẹ ẹ́. "Ẹ kú oríire, Bọ̀dá mi. Ó pẹ́ tí ẹnì kan ti jàre lójú ọ̀nà yìí. Ọ̀pọ̀ àwọn bàbá ni kì í jàre."

Àwọn èrò bá mi yọ̀. Obìnrin tí ó fi mí rẹ́rìn-ín bu ẹ̀pà sí mi lọ́wọ́. Mo dúpẹ́. Mo tún kọ́là ẹ̀wù mi ṣe. Ìgbà náà ni mo wá béèrè ohun tí ìtanràn náà ì bá jẹ́.

"Kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ẹ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ síbí, ẹ̀ bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ méje kí ọkọ̀ tó padà wá gbé yín."

"O kò sọ fún mi."

"Ẹ ò béèrè. Ṣé ẹ̀yin máa ń sọ ọ́ fún àwọn tí ẹ ń bu ìtanràn lé kí wọ́n tó jẹ́wọ́ ni?"

N kì í sọ ọ́ fún wọn.

Mo ní mo fẹ́ jẹ́wọ́. Mo ní mo mọ̀ ọ́n, ọmọ mi ni, Oyèkànmí ni, èmi ni mo rán bàtà rẹ̀. Mo ní mo mọ̀ọ́mọ̀ wá. Ládòkun mi orí bí ẹni tí ọmọdé ń yọ lẹ́nu. "Ẹ má ba ara yín lórúkọ jẹ́, Bọ̀dá mi. Wọn kì í dá ẹni tó jàre lẹ́bi." Mo yíjú sí àmù. Àmù lásán ni. Mo na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà pápá. Ògiri pálọ̀ mi ni ọwọ́ mi bà, kàlẹ́ńdà oṣù Kẹta sì wà lára rẹ̀ níbi tí mo kọ́ ọ sí.

Ọkọ̀ fi ẹ̀yìn rìn. Mo la ojú sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní kí n pa á dé mọ́. Aṣọ funfun ara pátákó ń wú, ó ń rọ̀, ó ń wú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí atẹ́gùn.

Wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀ ní Ìdí-Ọsàn, ibi tí mo sanwó dé. Mo gba ojú fèrèsé wo inú ọkọ̀. Ohun tí ó ṣẹ́ kù níbẹ̀ nìyí:

Èèpo ẹ̀pà.

Òṣùká kan, tí ó tutù.

Bírò Ládòkun.

Bàtà awọ ẹsẹ̀ òsì, wáyà bàbà lára rẹ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì mi.

Eruku pupa nílẹ̀, ojú ibi tí àyà ẹnì kan ti kàn án, àti àtẹ́lẹwọ́ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ìka wọn kọjú sí ibi tí mo ti dúró.