Bàbá Gbé Ọkọ̀ Lé Èjìká

"Bàbá gbé ọkọ̀ lé èjìká, ó mú ọ̀nà oko pọ̀n."

Ohùn tó ń ka ìtàn nínú fóònù kò mọ̀ pé òun ṣi ọ̀rọ̀ pè. Ẹni tó kọ ìtàn náà síbẹ̀ kò fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ náà. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ń bèèrè bóyá dírẹ́bà ṣì wà nínú ọkọ̀ náà.

Tíṣà kò lè rẹ́rìn-ín. Pẹ́lẹ́ ló ń wò, ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Láti ìgbà tó ti kúrò lábúlé ìyá-ìyá rẹ̀ wá síbí, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ rí ní kíláàsì. Ọ̀gá iléèwé ti ní bí kò bá kàwé sókè lónìí, ọ̀dọ̀ àwọn jẹ́lé-ó-sinmi ni yóò padà sí, níbi tí àbúrò rẹ̀ wà. Ó ní òun ń bọ̀ wá gbọ́ ọ fúnra òun.

Tíṣà ní kí àwọn ọmọ máa kọ́ ara wọn ní méjì-méjì, fóònù kan láàárín. Aláròyé, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi àfi tó bá sùn, ló bọ́ sọ́wọ́ Pẹ́lẹ́. Ọmọ ìgboro ni; kò rí ọkọ́ rí. Ó tún ìtàn náà kà: "Bàbá gbé ọkọ lé èjìká."

"Ọkọ ta ni?" ni ẹnì kan bèèrè lẹ́yìn.

Pẹ́lẹ́ fọwọ́ bo Aláròyé lẹ́nu. Ó fi ohùn ọ̀rọ̀ náà kùn bí orin: re, mí.

"Ọkọ́," ló sọ. "Èyí tí wọ́n fi ń ro oko. Tún un pè."

Aláròyé tún un pè. Lẹ́yìn náà, ó rọra tẹ ibi tí fóònù ti ń gba ohùn sílẹ̀, ó sì ní kí Pẹ́lẹ́ ka ìyókù kí òun lè kọ́ ọ. Pẹ́lẹ́ sì ń kà, kò tíì parí nígbà tí tíṣà pè wọ́n.

Nígbà tí wọ́n ṣí ohùn tí fóònù gbà sílẹ̀ fún kíláàsì, orí tíṣà wú. Ohùn ọmọ náà mọ́ gaara, ó ń lọ sókè, ó ń sọ̀kalẹ̀, bàbá inú ìtàn sì ń rìn nínú ìrì, ọkọ́ léjìká. Aláròyé pàápàá dákẹ́.

Bàtà ọ̀gá ń dún bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà náà, ó wá jókòó jẹ́jẹ́ sórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọ.

Fóònù dákẹ́.

"Ṣé ó ti parí ni?" ni ọ̀gá bèèrè.

Tíṣà yíjú sí Pẹ́lẹ́.

"Rárá, mà," ni Pẹ́lẹ́ wí. "Ó ku ibi tí bàbá ti délé." Ó dìde, ó sì gbé fóònù sókè síwájú ojú rẹ̀ láti ka ìyókù.