Iná Inú Sùtánà

Mi ò fẹ́ kí òbí máa yọjú sí kíláàsì mi. Orí mi kì í pẹ́ gbóná, gbogbo Jakande ló mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí Ìyá Ṣèyítán lẹ́nu ọ̀nà nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, mo mọ̀ pé ọmọ wọn ni wọ́n wá mú.

Ṣèyítán, ọmọ ọdún méjìlá, ti sọ fún mi láàárọ̀. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé, sùtánà rẹ̀ máa ń dún pàràpàrà tó bá ń bọ́ ọ. Ó di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú lọ́jọ́ kan, nǹkan sì ta ìyá. Ni wòlíì wọn bá ní ẹ̀mí kan ló wà lára ọmọ náà, kó wá lo ọjọ́ méje nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ní Ṣàngótẹ̀dó. Ọjọ́ Ajé ni ìdánwò sì máa bẹ̀rẹ̀.

"Àǹtí, mọ́mì mi ò fọwọ́ kàn mí mọ́," ó ní. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ti ìdánwò lọ.

Ìyá Ṣèyítán wọlé. "Àǹtí Fàrídátù, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ mú Ṣèyítán. Wòlíì ti ń wait."

Inú ń bí mi, àmọ́ ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. "Ẹ fún mi ní five minutes, mà."

Mo fi rúlà oníke ra aṣọ mi kíkankíkan, mo gbé e sún mọ́ bébà wẹ́wẹ́. Àwọn bébà fò lẹ̀ mọ́ ọn.

"Iná tín-ín-tín wà nínú gbogbo nǹkan," mo wí. "Tí nǹkan méjì bá ra ara wọn, díẹ̀ nínú iná ọ̀kan á ṣí lọ sára ìkejì. Tí omi bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, iná náà kì í pẹ́ sá lọ. Nígbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ, á dúró síbẹ̀ títí ẹnìkan á fi fọwọ́ kàn án. Sùtánà tí kì í ṣe òwú máa ń kó o jọ gan-an. Mọ́mì, ẹ bọ́ tiyín ká gbọ́."

Wọ́n wọ búláòsì àti ìró sábẹ́. Wọ́n fa sùtánà náà gba orí. Pàràpàrà! Kíláàsì pariwo, mo pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Kò ya Ìyá lẹ́nu rárá. Ojú ló tì wọ́n. "Ọjọ́ ti pẹ́ tí tèmi náà ti ń dún bẹ́ẹ̀," wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Mo ń pe tèmi ní agbára àdúrà. Mo wá pe ti ọmọ mi ní àjẹ́."

Àánú wọn ṣe mí, ìbínú mi sì tán.

Ṣèyítán dìde lórí àga oníke rẹ̀. Ìyá na ọwọ́ sí i. Bí ìka wọn ṣe kan ara wọn, ó ta wọ́n, àwọn méjèèjì sì gbọ̀n.

Ìyá ò fi ọwọ́ náà sílẹ̀.